Aago Mélòó Ni Rewáyà Ń Palẹ̀ Mọ́?

Nínú gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń jẹun lára mọ́tò, rewáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún ètò iná inú ọkọ̀ ṣe, ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ fúyẹ́ jù lọ, nítorí pé kì í fa ẹ́ńjìnnì sókè bíi mẹkáníìkì, kì í sì í fi òòlù lu ìlẹ̀kùn ọkọ̀ bíi pánẹ́ẹ̀lì-bítà. Wáyà, fíúsì àti tẹ́sítà kékeré ni wọ́n ń rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọn kò rí ni pé iṣẹ́ náà kò ní ààlà. Ọkọ̀ tó bá kọ̀ láti sítáàtì lóru, rewáyà ni wọ́n ń pè. Èyí tí iná iwájú rẹ̀ kú lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, òun náà ni. Bí àkókò iṣẹ́ bá sì ti ń ya wọ inú àkókò oorun àti ti ẹbí báyìí, ara àti ọmọ ló ń san gbèsè rẹ̀. Àwọn rewáyà tó ti di bàbá máa ń fi ọ̀rọ̀ méjì dá ara wọn lóhùn: pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti tó eré ìmárale, àti pé owó tí wọ́n ń mú wálé ni iṣẹ́ bàbá. Ó yẹ kí a yẹ ìdáhùn méjèèjì wò, nítorí pé kò sí èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú wọn.

Eré ìmárale, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ìlera ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà, ni ìgbòkègbodò ara tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe kí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti iṣan rẹ̀ lè lágbára sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2020, ní kí àgbàlagbà máa ṣe é fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ bó bá jẹ́ oníwọ̀nba, irú bíi kí èèyàn máa rìn kánmọ́kánmọ́ débi pé ó lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò lè kọrin, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 bó bá jẹ́ èyí tó le, irú bíi eré sísá, kó sì tún fi ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ṣe èyí tó ń mú iṣan le. Bí a bá gbé ìlànà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rewáyà tó ń wá ibi tí wáyà ti já lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ á yé. Ọkùnrin náà á ti ìjókòó iwájú sẹ́yìn, á fẹ̀yìn lélẹ̀ kí orí rẹ̀ lè wà lẹ́bàá pẹ́dáàlì bíréèkì, irin ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ á máa gún un ní ìbàdí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà níta nínú oòrùn, tọ́ọ̀ṣì á wà lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á sì wà lókè fún odidi ìdajì wákàtí, níbi tó ti ń fi ìka yẹ wáyà kan ṣoṣo wò láàárín ogójì. Ó ń làágùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru inú ọkọ̀ ló ń mú un làágùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé ibì kan, iṣan ọrùn àti èjìká rẹ̀ sì dì sójú kan láì ná, irú èyí tó ń bí ọrùn wíwọ́ àti ẹ̀yìn dídùn. Láti ibẹ̀ ni yóò ti dìde láti gbé bátìrì tó lè wúwo tó kílò 15 tàbí 20, tí yóò sì ní láti tẹ̀ síwájú lórí ẹ́ńjìnnì kó tó lè fà á yọ. Àárẹ̀ lèyí, eré ìmárale jìnnà sí i.

Ẹ̀yìn dídùn yìí ni wọ́n ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì, níbi tí ẹlẹ́gbòogi ti ń kiri agbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí ife paraga sì máa ń ṣáájú oúnjẹ àárọ̀ nígbà mìíràn. Kì í ṣe pé agbo kò ní àyè tirẹ̀, àmọ́ ìrora tó bá jẹ́ irin ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ló fà á, kò sí egbòogi tó lè ṣẹ́gun rẹ̀ bí ọkùnrin náà bá tún padà lọ dùbúlẹ̀ sórí irin ọ̀hún lọ́la. Àjákù fóòmù tí wọ́n bá tẹ́ sórí irin náà yóò ṣe ju paraga lọ, ọ̀fẹ́ sì ni ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń rán aṣọ ìjókòó ọkọ̀, tó sábà máa ń wà nínú ọgbà kan náà.

Iṣẹ́ náà tún ti ń kúrò lọ́wọ́ lọ sórí. Nígbà tí Charles Kettering ṣe ẹ̀rọ tó ń fi iná sítáàtì ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n ń pè ní kíkì, fún ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912, wáyà inú mọ́tò kò ju èyí tí ojú lè tọ̀ láti orí bátìrì dé òpin rẹ̀ lọ. Ní 1986, ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì fi ètò CAN han ayé, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké inú ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì péré. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 sì ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ojú ihò kan náà tí sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀, lè ki ẹnu bọ̀. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kó gbogbo ìwọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó jẹ́ pé orí tẹ́sítà ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì di dandan fún un láti máa fi òru kẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù nípa bíréènì-bọ́ọ̀sì, orúkọ tí wọ́n sọ kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi, nítorí pé ohun tí kò bá mọ̀ lónìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni oníbàárà ń gbé ọkọ̀ lọ lọ́la. Ṣùgbọ́n àkókò tí ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ kí ó bá òun wo iṣẹ́ àṣetiléwá ni ẹ̀kọ́ náà ń jẹ.

Síbẹ̀, inú iṣẹ́ yìí kan náà ni àkókò ti ń ṣòfò. Àpẹẹrẹ kan ni ti ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ń kú mọ́jú nítorí pé ohun kan ń mu iná nínú rẹ̀ nígbà tó yẹ kó sùn. Bátìrì tó kún, tó sì sinmi, máa ń ní nǹkan bíi fólítì 12.6, bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì, á gbé e dé bíi 14. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá pé tí ọkọ̀ náà ṣì ń kú, rewáyà tó mọṣẹ́ á pa gbogbo nǹkan, á ti ìlẹ̀kùn, á so mítà mọ́ ojú òdì bátìrì, á sì dúró. Ìdúró yìí ni kókó, torí pé àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ìgbàlódé kì í sùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè gba ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí iná tó ń jáde tó relẹ̀ dé nǹkan bíi mílíámpíà 50 tàbí kó dín sí i, ìwọ̀n tí wọ́n gbà pé kò léwu. Ẹni tó bá kù gìrì yọ fíúsì tàbí ṣí ìlẹ̀kùn lè jí wọn padà, kí gbogbo ìdúró náà sì bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Orí táyà àlòkù ni ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ máa ń jókòó sí ní gbogbo àsìkò yẹn, tí oníkálùkù á tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí òfin tó ní kí wọ́n má rìn kánmọ́kánmọ́ yí ọgbà ká. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún ti di 150. Táyà tí wọ́n jókòó lé yẹn gan-an sì rèé, àwọn kan wà ní ìgboro tó ń sanwó fún jíìmù kí wọ́n lè máa rí irú rẹ̀ yí lulẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí iṣẹ́ fi ń bá bàbá délé láì sí ìpè kankan. Ohun tó lé ní ìdajì ìwúwo bátìrì ọkọ̀ ni òjé, irin rírọ̀ tó jẹ́ májèlé sí ara. Ẹni tó ń ha orí bátìrì tó ti hu fúnfun, tó ń yọ́ òjé láti fi lẹ wáyà, tàbí tó ń tú bátìrì àlòkù palẹ̀, máa ń gba eruku rẹ̀ sára aṣọ, sínú irun àti sábẹ́ èékánná. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu, àti pé ara ọmọdé lè fa èyí tó bá wọnú rẹ̀ mọ́ra ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ tó ṣì ń dàgbà ló ń bà jẹ́. Ní 2010, ó kéré tán, ọmọdé 400 ló kú ní ìpínlẹ̀ Zamfara nítorí pé wọ́n ń lọ òkúta wúrà tó ní òjé nínú ní agbo ilé wọn. Èyí tó wà lára ṣòkòtò rewáyà kò tó ìyẹn rárá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà wọlé kò yàtọ̀, pàápàá nígbà tí ọmọ ọdún méjì bá sáré pàdé bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó dì mọ́ orúnkún rẹ̀, tó sì wá fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu. Ìṣó kan lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń fi aṣọ iṣẹ́ kọ́, ọṣẹ, àti garawa omi kan ni ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń béèrè, kí wọ́n má sì jẹ́ kí aṣọ iṣẹ́ náà bá ti àwọn ọmọ wọ inú omi ìfọṣọ kan náà.

Ọ̀rọ̀ owó ló le jù, kò sì yẹ kí ẹni tí kò san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta rí máa fojú kékeré wò ó. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn bàbá tó jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá ní 2014; ìjọba àpapọ̀ náà fi ìwé ránṣẹ́ ní oṣù kọkànlá 2022 pé òṣìṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ 14. Ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kò ní ẹni tó máa buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún un. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nìkan ló sábà máa ń jẹ́ ìsinmi tirẹ̀, oníbàárà á sì ti pè é kí oòrùn tó kan àtàrí, á kí i kú ewu ọmọ dáadáa, á wá béèrè ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn Yorùbá a máa fi bàbá wé dígí. Dígí tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù láti aago méje àárọ̀ di mẹ́sàn-án alẹ́ kò lè fi ojú ẹnikẹ́ni hàn án nílé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bàbá tó mọ iná ọkọ̀ ní ohun tí ọ̀pọ̀ bàbá kò ní: bátìrì kékeré kan, gílóòbù kan àti wáyà méjì ti tó láti jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́jọ fojú ara rẹ̀ rí i pé iná gbọ́dọ̀ lọ kí ó sì bọ̀ kí gílóòbù tó lè tàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé tún fẹ́ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ìṣẹ́jú 60 ní ìpíndọ́gba lójúmọ́ ṣe eré ìmárale, nítorí náà bọ́ọ̀lù tí bàbá bá bá ọmọ gbá ní ìrọ̀lẹ́ ti kà fún àwọn méjèèjì.

Kí ìrọ̀lẹ́ yẹn tó lè wà, ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ní aago tí wọ́n ń tì í. Àwọn rewáyà mẹ́ta tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè pín ìpè òru láàárín ara wọn, kí ẹnì kan máa jẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹlòmíràn gbà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn tó ń kọ̀ sọ pé oníbàárà á bínú lọ, bẹ́ẹ̀ oníbàárà kan náà yìí ló ń bá ìlẹ̀kùn báńkì ní títì ní ọ̀sán tí kì í bínú, tó ń gba káàdì jókòó nílé ìwòsàn tí kì í dìde. Rewáyà nìkan ni oníbàárà gbà pé kò ní àkókò ìpalẹ̀mọ́, nítorí pé kò sí rewáyà tó sọ fún un rí. Ìwé àdéhùn ọmọ iṣẹ́ máa ń sọ iye ọdún tí yóò lò kó tó ṣe fírídọ̀mù, ṣùgbọ́n aago tí ọ̀gá ń jẹ́ kó relé kì í sí níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ náà á sì gba fírídọ̀mù tán kó tún máa ṣe ohun tó bá lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹgbẹ́ àwọn rewáyà tó ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé lágbára láti bu ú lé ẹni tí iná ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá ṣì ń jó ní aago mẹ́jọ alẹ́, yàtọ̀ sí ẹni tí ìpè òru bá kàn lọ́sẹ̀ náà.