Pèrègún Ẹ̀gbẹ́ Ilé

Òjò àrọ̀kúrò ti fẹ́ parí ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ yìí. Bí ọyẹ́ bá dé, ilẹ̀ á gbẹ, eruku á bo ilé, òdòdó tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn nígbà náà kì í sábà yè. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí ojúde yín dùn-ún wò, ìsinsìnyí ni kí ẹ gé ẹ̀ka hibiscus àti bougainvillea, kí ẹ gbìn ín. Inú ọ̀gbẹlẹ̀ gan-an ni bougainvillea máa ń tanná jù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pèrègún ló ká wa lára. Ní ọdún tó kọjá, arákùnrin kan ń tún ojúde rẹ̀ ṣe, ó sì hú gbogbo pèrègún ẹ̀gbẹ́ ilé dànù, ó ní ewé òrìṣà ni. Kò bi àgbà kankan léèrè. Pèrègún yẹn ni àwọn baba fi pa ààlà láàrin òun àti aládùúgbò rẹ̀! Kí oṣù kan tó pé, wọ́n ti ń jà lórí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ilẹ̀, àwọn ìyàwó wọn kò kí ara wọn mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Òwe 22:28 kò fẹ́ kí a ṣí ààlà àtijọ́, kò sì yọ ewé kankan sílẹ̀.

Lóòótọ́, àwọn abọ̀rìṣà ń lo pèrègún. Wọ́n ń lo omi náà, àwa kò sì tìtorí rẹ̀ ṣíwọ́ omi mímu. Pèrègún kì í kú bọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ó bá ga jù, ẹ gé orí rẹ̀, ẹ gbìn ín síbi tó ṣófo, yóò hù.

Àwọn méjèèjì ti jọ tún tiwọn gbìn. Ọmọ aládùúgbò ló ń bomi rin ín.