Bíbi Oníṣẹ́-Abẹ Ní Ìbéèrè Kì í Ṣe Àfojúdi

Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá bàjẹ́ ní oríta Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní ti pàdé ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa, ẹni tí ó ni ọkọ̀ kì í fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá gbé sípánà wá lọ́wọ́. Yóò bèèrè ẹni tí í ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Yóò bèèrè bóyá ọ̀gá náà ti tú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ rí, àti iye ìgbà tí ó ti tú u. Mẹkáníìkì tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lójú kì í sì í bínú sí ìbéèrè yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ara ènìyàn, èyí tí kò ní ààrọ̀ lọ́jà, ẹnu wa a wúwo. "Dókítà ni ó wí bẹ́ẹ̀" ni a ó wí, a ó sì fọwọ́ sí ìwé.

Àṣà yìí ni a fẹ́ bá àwọn òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, pàápàá jù lọ bí ó ti kan iṣẹ́ abẹ tí a fi ń dín ìsanra kù, èyí tí ìpolówó rẹ̀ ń ti orí ẹ̀rọ alágbèéká dé ọ̀dọ̀ ará Ọ̀rẹ̀ àti ará Odígbó gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dé ọ̀dọ̀ ará Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, nítorí ohun méjì ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀. Èkíní ni fífa ọ̀rá kúrò lábẹ́ awọ. Ìrísí ara ni èyí wà fún. Kì í ṣe ìwòsàn fún ìsanra àpọ̀jù. Èkejì ni iṣẹ́ abẹ tí a fi ń sọ àpò oúnjẹ inú ikùn di kékeré, tàbí tí a fi ń so ìfun mọ́ ọn ní ọ̀nà mìíràn, kí oúnjẹ díẹ̀ lè tó ènìyàn, kí ebi sì rọlẹ̀. Dókítà Edward Mason ti Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe aṣáájú irú iṣẹ́ abẹ ìfun bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1966.

Àwa kò bá iṣẹ́ abẹ yìí jà. Ìsanra àpọ̀jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ tàbí ti alájẹkì. Àìsàn ni, ó sì ń ti àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìrora orúnkún wọlé wá. Àwọn onímọ̀ ní orílẹ̀-èdè Sweden, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún, ròyìn ní ọdún 2007 pé ikú láàárín wọn kéré sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí a kò ṣe é fún. Nítorí náà, ẹni tí dókítà bá yẹ̀ wò tí ó sì rí i pé ó yẹ fún un, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí àwa ń wí ni pé bí iṣẹ́ abẹ náà ti ṣe pàtàkì tó, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọwọ́ tí yóò mú abẹ ṣe pàtàkì.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ. Ní ọdún 2013, ìwé-ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine tẹ ìwádìí kan jáde láti ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Ogún dókítà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ ìdín-ìsanra-kù gbà kí a ya fíìmù iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àwọn oníṣẹ́-abẹ ẹlẹgbẹ́ wọn wo fíìmù náà láìmọ ẹni tí ó ni ọwọ́ tí wọ́n ń wò, wọ́n sì fún un ní máàkì, bí olùkọ́ ti í fún ìwé ìdánwò ní máàkì. Nínú 100 aláìsàn tí ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí máàkì wọn kéré jù, bí 14 tàbí 15 ni wàhálà bá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Lọ́dọ̀ àwọn tí máàkì wọn ga jù, bí 5 péré ni. Ikú pàápàá yàtọ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀ lórí 10,000 aláìsàn, ó jẹ́ 26 lọ́dọ̀ àwọn ti ìsàlẹ̀, ó sì jẹ́ 5 lọ́dọ̀ àwọn ti òkè. Gbogbo wọn ni wọ́n ní ìwé àṣẹ ìjọba. Àwọn tí ọwọ́ wọn dára jù ni wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà jù lọ́dọọdún.

Kí a wá kíyè sí ohun kan tí ó rọrùn láti gbójú fò. Ewú orí kò dípò iye iṣẹ́. Dókítà kan lè ti fi ogún ọdún tún ìpá ṣe, kí ó ti fi ọlá gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tí ọkọ̀ ṣe léṣe là lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní, síbẹ̀ kí ó jẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú iṣẹ́ abẹ ìdín-ìsanra-kù. Àwọn oníṣẹ́-abẹ ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń gba ojú ihò kéékèèké ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun yìí, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 2003 pé ó tó 100 ìgbà kí ọwọ́ tó mọ́ ọn dáadáa. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè wa, níbi tí iṣẹ́ abẹ yìí kò tíì gbilẹ̀, ó di dandan pé kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà oníṣẹ́-abẹ tí a ń bu ọlá fún má tíì ṣe é ju ìgbà díẹ̀ lọ. Èyí kì í ṣe ẹ̀gàn sí wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí aláìsàn mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé owó tàbí òkè òkun nìkan ni ààbò. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2005, Ìyáàfin Stella Ọbásanjọ́, aya Ààrẹ orílẹ̀-èdè wa nígbà náà, kú ní Spain lẹ́yìn tí wọ́n fa ọ̀rá lára rẹ̀ ní Marbella, ìlú ìgbafẹ́ àwọn olówó. Ní ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ ní Spain dá dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ náà lẹ́bi ikú tí àìkíyèsára fà. Wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, wọ́n gba iṣẹ́ ìṣègùn lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì ní kí ó san owó ìtanràn fún ọmọ olóògbé. Fífa ọ̀rá ni ti ìyáàfin náà, kì í ṣe gígé àpò oúnjẹ. Àwa kò sì wí pé dókítà náà jẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹjọ́ náà kọ́ wa ni pé ẹwà ilé àti òkìkí ìlú kò lè dúró nípò ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ àti ojú tí ń ṣọ́ aláìsàn.

Àwọn kan yóò wí pé bí gbogbo ènìyàn bá sá fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbo ni àwọn ọ̀gá ọ̀la yóò ti wá? Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn tọkàntọkàn. Kò sí ẹni tí a bí iṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ bí a ti ń sọ ọmọ-iṣẹ́ di ọ̀gá. Ọmọ-iṣẹ́ kì í gba òmìnira ní ọjọ́ tí ó wọlé. Ọ̀gá a dúró tì í, a fún un ní èyí tí ó rọrùn kí ó tó fún un ní èyí tí ó le, oníbàárà a sì mọ ẹni tí ń rán aṣọ òun. Ọ̀nà kan náà ni ó tọ́ nínú iṣẹ́ abẹ. Dókítà tí ó bá wí pé, "Ẹ̀yin ni ẹni kẹrin tí n ó ṣe é fún, ọ̀gá mi tí ó ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin," ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé ju èyí tí ó wí pé, "Ẹ má ṣèyọnu, nǹkan kékeré ni." Àìpẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fífi í pamọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn aláìsàn. Òfin Ètò Ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 2014, ní abala 23, pa á láṣẹ pé kí a ṣàlàyé fún aláìsàn irú ìtọ́jú tí ó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀, iye owó rẹ̀, àti ẹ̀tọ́ tí ó ní láti kọ̀ ọ́. Ó tún wí pé, bí ó bá ti lè ṣeé ṣe, kí a ṣe àlàyé náà ní èdè tí ó yé aláìsàn, gẹ́gẹ́ bí ìwé rẹ̀ ti mọ. Ta ni yóò wá wí pé ó bá òfin mu láti gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì olójú-ewé mẹ́ta fún àgbẹ̀ kòkó láti Odígbó ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kí a sì ní kí ó tẹ ìka sí i? Bí òfin bá sì ní kí a sọ ewu, apá kan ewu náà wà ní ọwọ́ ẹni tí yóò mú abẹ. Kò tó láti ka iye ewu tí ó wà nínú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà fún wa. Ti ilé ìwòsàn tí a wà nínú rẹ̀ ni kí a gbọ́.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ń gbèrò iṣẹ́ abẹ yìí bèèrè nǹkan wọ̀nyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó sì mú ẹbí kan tí kì í tijú dání. Ẹni mélòó ni ẹ ti ṣe irú èyí gan-an fún, mélòó sì ni lọ́dún tí ó kọjá? Nínú wọn, mélòó ni ó ní láti padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni sì kú? Ta ni yóò kun mi lórun, ta ni yóò sì ṣọ́ mi ní òru ọjọ́ náà? Ta ni yóò máa wo oúnjẹ mi àti ẹ̀jẹ̀ mi ní àwọn ọdún tí ń bọ̀? Ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún yóò máa lo oògùn aṣaralóore ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, obìnrin sì gbọ́dọ̀ dúró fún bí ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ kí ó tó lóyún.

Ìbéèrè kan sì tún wà tí ó kan ará Ọ̀rẹ̀ ju ará Èkó lọ: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo bá ti padà sílé ńkọ́? Ojú ibi tí a rán nínú ikùn lè jò ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì ní ẹsẹ̀ kí ó gòkè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Bí ọkàn bá ń sáré, tí ibà gbé ènìyàn, tí inú sì ń ro ó kíkankíkan, kì í ṣe àkókò láti mu àgbo tàbí láti dúró de ilẹ̀ mọ́. Kí aláìsàn tó wọkọ̀ láti Èkó tàbí kí ó tó wọ bàálù láti òkèèrè, kí dókítà rẹ̀ ti kọ ìwé sí ilé ìwòsàn ńlá tí ó sún mọ́ ọn, ní Oǹdó, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Ifẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tí a ti ṣe nínú ikùn rẹ̀. Bí dókítà bá kọ̀ láti ṣe èyí, kí aláìsàn náà kọ̀ ọ́.

A kò lè parí ọ̀rọ̀ láìyíjú sí àwọn aláṣẹ. Àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ní ilẹ̀ wa a máa kọ orúkọ dókítà sílẹ̀, a sì máa sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ di ọ̀tun lọ́dọọdún. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kò sọ iye ìgbà tí ọwọ́ ti ṣe iṣẹ́. Ní Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé láàárín 1991 sí 1995, ọmọ ọwọ́ 30 sí 35 ni ó kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn ju iye tí ìbá kú ní irú ibi bẹ́ẹ̀ mìíràn lọ. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí fi èsì àwọn oníṣẹ́-abẹ ọkàn han aráyé. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó má ṣe dúró de irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó pa á láṣẹ pé ilé ìwòsàn tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí gbọ́dọ̀ ka iye tí ó ṣe àti bí ó ti rí fún olúkúlùkù, kí ó sì fi í han ẹni tí ó bá bèèrè.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí olùdíje bá tún wá sí Ọ̀rẹ̀ láti ṣe ìlérí ilé ìwòsàn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ka iye bẹ́ẹ̀dì àti ọ̀dà ara ògiri nìkan fún yín. Ẹ bi í léèrè iye oníṣẹ́-abẹ tí yóò wà níbẹ̀ àti ọ̀gá tí yóò kọ́ wọn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni aládùúgbò ń gbé ìwé wá fún láti bá wọn kà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé ìfọwọ́sí iṣẹ́ abẹ wá, ẹ kà á fún un ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì bi í bóyá ó mọ orúkọ ẹni tí yóò mú abẹ.

Dókítà rere kò ní bínú sí ìbéèrè. Èyí tí ó bá bínú ti dá aláìsàn lóhùn ná: kí ó dìde, kí ó wá ẹlòmíràn lọ.