Ohun tí àlùbọ́sà fi hàn: Àpérò lórí májèlé àbùdá kò gbọdọ̀ parí sínú gbọ̀ngàn

Bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá pé jọ láti jíròrò lórí kẹ́míkà tó ń ba àbùdá ènìyàn jẹ́, ọ̀pọ̀ a máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1973 ni irú àpérò àgbáyé bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ wáyé ní Asilomar, ní ìpínlẹ̀ California. Wọ́n ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹtàlá ní Ottawa, lórílẹ̀-èdè Kánádà, lọ́dún 2022. Ìbéèrè kan náà ló ń kó wọn jọ: kí ni ohun tí à ń fà símú, tí à ń mu, tí à ń fọwọ́ kàn ń ṣe sí wa àti sí irú-ọmọ wa?

Ọdún 1977 ni àǹfààní ìmọ̀ yìí hàn gbangba ní Amẹ́ríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bruce Ames, ẹni tó gbé ọ̀nà kalẹ̀ láti fi bakitéríà dán kẹ́míkà wò, àti Arlene Blum kìlọ̀ pé Tris, kẹ́míkà tí wọ́n ń fi sára aṣọ ìsùn ọmọdé kí iná má baà tètè ràn án, lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Oṣù kìn-ín-ní ni ìwé wọn jáde. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin, ìjọba ti fòfin de irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Àlùbọ́sà ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn lò. Wọ́n kó o sínú omi ẹ̀gbin tó ti ara pàǹtírí ààtàn Aba-Eku, n'Ìbàdàn, àti Olúsòsùn, l'Ékòó, jáde. Gbòǹgbò rẹ̀ kò dàgbà bó ṣe yẹ, okùn àbùdá inú rẹ̀ sì dàrú.

Lóòótọ́, gbòǹgbò àlùbọ́sà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ìwọ̀n májèlé tó wọ ara àti iye ọdún tí ènìyàn fi wà nítòsí rẹ̀ ló ń sọ bí ewu náà ṣe tó. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ìjọba ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń ṣa bọ́ọ̀lá wò? Ta ló ń yẹ omi kànga àwọn aládùúgbò wò? Nígbà tí iná sọ ní Olúsòsùn lóṣù kẹta ọdún 2018, gbogbo ènìyàn rí èéfín. Májèlé inú omi kò ní èéfín tí ojú lè rí.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí ìjọba máa ṣe àyẹ̀wò yìí lọ́dọọdún, kí wọ́n sì fi èdè tó yé ará àdúgbò kéde àbájáde rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò san gbèsè tí kò jẹ.