Odò Santa Cruz: Kí wọ́n má gba omi lẹ́nu ẹja

Ní ìlú Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, omi tí àwọn ènìyàn ti fi wẹ̀, tí wọ́n ti fi fọṣọ, títí kan èyí tó ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jáde, ló ń mú ẹja wà láàyè báyìí. Oṣù kẹfà ọdún 2019 ni ìjọba ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í da omi àlòkù tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ sínú odò Santa Cruz nítòsí àárín ìgboro. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé ó lè tó mílíọ̀nù 2.8 gálọ́ọ̀nù lóòjọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó yínmú sí ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kó mọ ohun tó ṣe odò náà.

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ti Santa Cruz kò rí bẹ́ẹ̀. Odò náà kò gbàgbé ibi kankan, ọmọ aráyé ló fà á gbẹ. Ó ti lé ní 4,000 ọdún tí àwọn onílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáko ní bèbè rẹ̀, tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó débẹ̀, odò náà kò sì tìtorí rẹ̀ kú. Àfìgbà tí ẹ̀rọ tó ń fa omi láti abẹ́ ilẹ̀ dé. Àgbẹ̀ tí kànga rẹ̀ ti gbẹ rí nítorí pé ẹnì kan gbẹ́ èyí tó jìn jù ú lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò mọ bó ṣe rí. Omi abẹ́ ilẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀, gbòǹgbò igi kò sì bá a mọ́. Nígbà tó fi máa di àárín ọ̀rúndún tó kọjá, iyanrìn lásán ló kù láàárín ìgboro, àyàfi bí òjò ńlá bá rọ̀. Ilẹ̀ aṣálẹ̀ sì ni. Òjò ọdún kan níbẹ̀ kò ju bíi ínṣì 11 lọ.

Láti ọdún 1984 ni Tucson ti ń gba omi àlòkù gba inú páìpù tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n fi ń bomi rin pápá ìṣeré àti pápá gọ́ọ̀fù. Èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń dà sínú odò ní ìsàlẹ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n omi ìgbà náà kò mọ́ tó. Èròjà ammonia inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹja lè fara dà, àwọn tó ń gbé nítòsí ilé-iṣẹ́ àtijọ́ náà kò sì jẹ́ gbàgbé òórùn rẹ̀. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún 2013, ìjọba ìbílẹ̀ Pima ti ná ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là láti tún ibi tí wọ́n ti ń fọ omi ṣe. Kò pẹ́ tí èrè rẹ̀ fi hàn. Ní ọdún 2017, wọ́n rí ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Gila topminnow nínú omi náà. Kò gùn ju ínṣì méjì lọ, tanwíjí wà lára oúnjẹ rẹ̀, ó sì ti wà nínú ìwé àwọn ẹran tó fẹ́ run ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1967. Ní àárín ìgboro, ọjọ́ tí wọ́n ṣí omi ní 2019 gan-an ni lámilámi ti dé. Ọdún 2020 ni wọ́n kó ẹja náà lọ síbẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ìfiṣòfò ni, pé iyanrìn ló ń fa omi náà mu. Wọn kò rò ó dáadáa. Omi tí iyanrìn fà mu ń padà sí abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti fà gbẹ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù.

Ohun tó ń kọni lóminú ni ti odò Colorado, tí Tucson ń gba omi mímu láti inú rẹ̀ nípasẹ̀ odò àfọwọ́gbẹ́ tó gùn ju 300 máìlì lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ kéde ọ̀dá lórí odò Colorado fún ìgbà àkọ́kọ́, ìpín Arizona sì dín kù láti 2022. Ìlú náà ti wá ń pète láti fọ omi àlòkù dé ìwọ̀n tí ènìyàn yóò lè mu. Kò sí ẹni tó lè bá wọn jà lórí ìyẹn. Òùngbẹ kò mọ àwàdà. Ṣùgbọ́n bí omi bá fẹ́ wọ́n, koríko gọ́ọ̀fù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dín tirẹ̀ kù, kì í ṣe odò.

Ní ọdún 2000, Tucson àti ìjọba ìbílẹ̀ Pima ti jọ fọwọ́ sí ìwé pé kí apá kan omi àlòkù wà lọ́tọ̀ fún igi àti ẹran bèbè odò. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sí lókè odò, ní Nogales, níbi tó jẹ́ pé láti Mẹ́síkò ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi àlòkù tó ń mú odò náà ṣàn ti ń wá. Ọjọ́ tí Mẹ́síkò bá fẹ́ lo omi rẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mú un.

Nítorí náà, ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ìlú Tucson ya ìwọ̀n kan sọ́tọ̀ fún odò àárín ìgboro, kí wọ́n fi òfin dè é, kí wọ́n sì máa kéde iye tí wọ́n tú jáde lóṣooṣù. Bí ọ̀ràn bá sì le débi pé wọ́n gbọ́dọ̀ dín in kù, kó má jẹ́ ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, nígbà tí oòrùn ń mú jù, tí òjò oṣù keje kò tíì dé.