"Babalú": Àtẹ́wọ́ Kì Í Ṣe Ìbà



Orin ijó kan wà tí ayé mọ̀ sí "Babalú". Margarita Lecuona, obìnrin ará Kúbà, ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Miguelito Valdés kọ ọ́ títí wọ́n fi ń pè é ní "Mr. Babalú". Desi Arnaz ni ó wá gbé e dé orí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, nínú eré I Love Lucy tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ orin Kúbà dunjú gbà pé ti Valdés jinlẹ̀ ju ti Arnaz lọ; àwọn olólùfẹ́ Arnaz kò bìkítà. Ìlù dùn, ijó yá, àtẹ́wọ́ sọ.

Èmi kò dá sí àríyànjiyàn ohùn. Ìbéèrè tèmi ni pé, ta ni wọ́n ń pè? Ọbalúayé wa ni. Ọ̀rọ̀ orin náà gan-an ń ṣàpèjúwe ìpèsè fún òrìṣà: àbẹ́là mẹ́tàdínlógún, tábà àti ọtí líle. Ní Kúbà, a kì í fi èyí ṣeré. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún, èrò a máa wọ́ lọ sí El Rincón nítòsí Havana, àwọn mìíràn a sì fi orúnkún rìn, láti san ẹ̀jẹ́ fún ẹni tí wọ́n ń pè ní Lásárù Mímọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mọ̀ ní Babalúayé.

Ilé ńkọ́? Ìjọba amúnisìn fòfin de ìsìn Ṣọ̀pọ̀ná. Lẹ́yìn náà, àwa fúnra wa bẹ̀rẹ̀ sí í tijú rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń jó sí lókè òkun ni à ń sá fún níbí.

Àwọn kan nínú wa ní àbùkù ni orin yìí, nítorí a kì í pariwo orúkọ Olóde. Àwọn mìíràn ní ògo ni. Lójú tèmi, ariwo kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, òkìkí kọ́ sì ni ọlá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn ará Kúbà pa ìtumọ̀ mọ́, orin wọn sì rí nǹkan gbé ròde. Ìró nìkan ni ó dé etí ará Amẹ́ríkà, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ ìtumọ̀ fún un.

Bí àwọn ọmọ wa bá ń jó sí irú orin yìí, ẹ má lé wọn kúrò lójú agbo. Ẹ sọ ẹni tí à ń pè fún wọn, kí ẹ sì kọ́ wọn ní oríkì rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ẹni tí òun ń pè ni ìpè rẹ̀ ń jẹ́.

Kí Ọbalúayé gbè wá o. Àṣẹ.