Ìgbòkun Tí Kò Ṣeé Sọ̀ Kalẹ̀, Ọkọ̀ Tí Kò Ní Bíréèkì Ni

Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ọ̀rọ̀ ojú pópó ni a sábà máa ń sọ níbí. Lónìí, ọ̀rọ̀ okùn àti ìgbòkun ni a mú wá. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará omi kò kàn wá.

Ẹ̀yin awakọ̀ tó ń gba afárá Third Mainland, èyí tí wọ́n ṣí ní 1990, ẹ ti rí àwọn ọkọ̀ onígi tó ń ta ìgbòkun lórí ọ̀sà, tí aṣọ wọn kún fún àlẹ̀mọ́ bí ẹ̀wù egúngún. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ kọ́. Yanrìn ni wọ́n ń kó. Àwọn ọkùnrin inú wọn ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wa yanrìn nísàlẹ̀ omi, wọ́n ń dà á sínú ọkọ̀ títí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba, kí afẹ́fẹ́ tó gbé wọn padà sí èbúté. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ náà ń fa yanrìn l'Ékòó. Ṣùgbọ́n bí típà bá da yanrìn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù lọ́dọ̀ wa, ta ló ń béèrè ọwọ́ tó kọ́kọ́ gbé e? Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n.

Èrò wa nìyí: ẹni tó ń di okùn mú ló yẹ kó sọ irú okùn tí wọn yóò rà, ẹni tó ni ọkọ̀ ló sì yẹ kó san owó rẹ̀.

Ní Èkó, afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun wá, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ló ń fẹ́ jù lọ́dún. Ìyẹn ṣeé bá lò. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní ìparí rẹ̀, ìjì a máa já wọlé láti ìlà-oòrùn lójijì. Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀: bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po 2, agbára tó fi ń ti ìgbòkun á di ìlọ́po 4; bó bá di ìlọ́po 3, agbára náà á di ìlọ́po 9. Ọkọ̀ tí yanrìn ti tẹ̀ mọ́ omi kò ní àyè láti fì. Bí ìgbòkun kò bá tètè sọ̀, omi á wọlé, yanrìn á sì ṣe ìyókù.

Nítorí náà, ohun èlò tó ń jẹ́ kí ìgbòkun sọ̀ kalẹ̀ ṣe pàtàkì ju èyí tó ń gbé e sókè lọ. Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́ mọ bọ́tìnì pupa tó ń dá ẹ̀rọ dúró lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni.

Kí ni kí wọ́n rà, báwo ni kí wọ́n sì ṣe dè é?

Èkíní, okùn. Okùn ike olówó pọ́ọ́kú ń léfòó lórí omi, ṣùgbọ́n oòrùn á jẹ ẹ́ títí yóò fi máa já bí koríko gbígbẹ. Okùn náílọ̀n lágbára, ṣùgbọ́n ó ń fà. Ìdákọ̀ró ló yẹ. Okùn poliẹ́sítà kì í fà púpọ̀, ó sì ń fara da oòrùn. Òun ni kí wọ́n fi gbé ìgbòkun, kó sì nípọn tó kí ọwọ́ tó tutù lè dì í mú.

Èkejì, púlì. Okùn tó ń gba inú ihò lára òpó yóò há lọ́jọ́ tí igi bá wú. Púlì tó ń yí geere ni kí wọ́n dè sórí òpó. Bí wọ́n bá fi ìkejì tó ń bá ìgbòkun rìn kún un, ìdajì agbára ni wọn yóò fi fà á, ṣùgbọ́n okùn tí wọn yóò fà á gùn ní ìlọ́po 2. Kí wọ́n má sì ṣe kó púlì jọ jù, nítorí ó ń dá ìgbòkun dúró nígbà tó bá fẹ́ sọ̀. Omi ọ̀sà a máa níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà irin tí kì í tètè dípata ni kí wọ́n rà.

Ẹ̀kẹta, okùn tí wọn yóò fi fa ìgbòkun wálẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó. Òun àti okùn tó ń gbé e sókè gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tó jókòó nídìí ìtọ́kọ̀, kó má baà máa gun orí yanrìn kiri nínú ìjì.

Ẹ̀kẹrin, okùn tí wọ́n fi ń darí ìgbòkun. Wọn kò gbọdọ̀ ta á ní kókó tí kò ṣeé tú. Kó wà lọ́wọ́, tàbí kó jẹ́ kókó tí fífà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yóò tú.

Bí wọ́n bá dè é tán, kí wọ́n gbé ìgbòkun sókè, kí wọ́n sì sọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní èbúté, nígbà tí ọkọ̀ ṣófo. Bó bá há lẹ́ẹ̀kan péré, kí ọkọ̀ náà má lọ.

Àwọn ọlọ́kọ̀ á ní owó náà pọ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ iye tí epo dà láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Ìgbòkun kì í mu epo. Ẹni tí afẹ́fẹ́ ń bá ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ yẹ kó lè ra púlì.

Àwọn tó ń fi ìgbòkun ṣe fàájì ní Lagos Yacht Club, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1932, ẹ̀mí ara wọn ni wọ́n ń ra okùn fún. Ní ti oníyanrìn, ẹni tó ra okùn lè wà nílé rẹ̀. Ẹni tó ń fà á ló wà lórí omi. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn náà wà.

Òfin ilé iṣẹ́ ti 1987 ní kí wọ́n dáàbò bo ẹ̀rọ tó léwu. Òfin ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá owó sílẹ̀ nítorí ẹni tó bá fara pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan, tí kò ní ìwé iṣẹ́ kankan, kí ni yóò gbé síwájú wọn?

Ẹ̀yin awakọ̀ típà, ẹ̀yin lẹ súnmọ́ wọn jù. Bí ẹ bá dé èbúté, ẹ wo okùn wọn, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n kó ara wọn jọ, nítorí ẹnì kan ṣoṣo tó bá kọ̀ láti wọ ọkọ̀ búburú, wọ́n á lé e lọ. Bí gbogbo èbúté bá kọ̀, wọ́n á ra okùn.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ìjì tó dé ni kí wọ́n ti ra púlì. Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́, lórí ilẹ̀ àti lórí omi.