Ẹ Má Fi Kọ́ńgò Ìrẹsì San Gbèsè Àwọn Àgbà

Àwọn obìnrin aládìrẹ ní bátánì kan tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń fa ilà rẹ̀, ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún sè ni wọ́n ń tọ́ sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹni tó bá wo aṣọ náà dáadáa yóò rí òpó tó dúró ṣánṣán, tí ṣíbí wà láàárín wọn. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó tó wà n'Íbàdàn ni. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, ilé ìgbìmọ̀ ìlú ni, àwọn ìyá wa sì rí i pé ó yẹ ní yíyà. Wọ́n sọ ilé ìjọba di aṣọ ìmúròde.

Mo bẹ̀ yín, èwo nínú ilé tí kánsù ń kọ́ lóde òní ni ìyá àgbà kan lè yà sára aṣọ? Ṣé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń fi háyà ni, àbí géètì tí wọn kì í jẹ́ kó gbà wọlé?

Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀. Kánsù jẹ àwọn àgbà ní gbèsè, kò sì sí ìrẹsì tó lè san án. Mo fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ 137 tó wà ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì ya ilé kan sọ́tọ̀ fún àwọn àgbà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Kó máa ṣí lójoojúmọ́. Kí nọ́ọ̀sì máa wá síbẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wò. Kí àgbà tó bá mọ ìjálá, rárà, ẹkún ìyàwó, ìlù lílù, adìrẹ tàbí aṣọ híhun máa kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, kí kánsù sì máa san owó iṣẹ́ fún un lóṣooṣù bí wọ́n ṣe ń san ti akọ̀wé. Títí ilé wọ̀nyí yóò fi dúró, kí alága kankan má ra ọkọ̀ tuntun.

Ìyá kan wà ní àdúgbò tí mo dàgbà sí tó ń ta ata. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń rí i tí wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì kánsù fún un láràárọ̀, òjò ìbáà rọ̀, ọjà ìbáà kùtà. Bí kò bá sówó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á gbé agbọ̀n ata rẹ̀ lọ. Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kó lè lọ sọ́jà mọ́, tíkẹ́ẹ̀tì dáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ òun àti kánsù sì parí síbẹ̀. Nígbà tí ìbò ń bọ̀ lọ́dún kan, wọ́n gbé kọ́ńgò ìrẹsì kan wá fún un, pẹ̀lú ańkárá tí àwòrán alága wà lára rẹ̀. Wọ́n ní kó gbé e sókè dáadáa kí àwọn ya fọ́tò. Mo wà níbẹ̀. Inú ṣì ń bí mi títí di òní. Owó ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta san.

Ohun tí mò ń béèrè yìí kì í ṣe ojú àánú. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú àfikún kẹrin rẹ̀, ka iṣẹ́ kánsù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan náà ló kọ itẹ́ òkú àti ilé àwọn aláìní àti aláìlera sí. Ìdajì ìlà náà ni àwọn alága wa ń rántí. Àgbà tí wọn kò bẹ̀ wò lọ́jọ́ kan nígbà tó wà láàyè, bó bá kú, ẹ ó rí alága níbi òkú rẹ̀ tòun ti ẹ̀ṣọ́, ẹ ó sì gbọ́ tí wọ́n ń kéde iye tó gbé wá.

Wọ́n á ní kò sówó, gómìnà ló dì í mú. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Alága tí owó rẹ̀ kò bá tíì dé ọwọ́ rẹ̀, kó bọ́ síta kó wí i, ká bá a jà á. Ohun tí mò ń wí kò sì ná owó rẹpẹtẹ. Gbọ̀ngàn ìlú wà káàkiri tó jẹ́ ọjọ́ Sátidé tí òde àríyá bá wà nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn mìíràn á ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, kí ló kan kánsù? Ọmọ òkété ti lọ sí Kánádà. Ó ń fi owó ránṣẹ́, kí Ọlọ́run bù kún un, ṣùgbọ́n owó kì í bá èèyàn jókòó, kì í dáni lóhùn bí èèyàn bá pe orúkọ rẹ̀ lóru. Àgbà tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń kú kí òun gan-an tó kú.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Ní 1966, ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá jáde. Ẹnu àwọn ọdẹ ló ti gbọ́ ọ. Karin Barber wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé ìlú Òkukù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fún ọdún mélòó kan, ó jókòó ti àwọn obìnrin tó ń ki oríkì, ìwé tirẹ̀ náà sì jáde ní 1991. Ó rí i pé ohun tó wà lẹ́nu àwọn ìyá wọ̀nyẹn tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ sọdá òkun. Àwọn tí àgbàlá kánsù wọn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ọ̀dọ̀ irú ìyá bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí wọ́n rán sí i. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò mọ oríkì orílẹ̀ rẹ̀, ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n sì wà nínú yàrá, ó dojú kọ ògiri. Kí wọ́n pàdé ni mo wí. Kí kánsù pèsè ibi tí wọn yóò ti pàdé.

Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀bùn ẹnì kan o. Ní 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí san 5,000 náírà lóṣù fún àwọn aláìní tó ti pé ọmọ ọdún 65. Ìjọba yí padà ní 2014, owó náà dáwọ́ dúró. Orí àwọn àgbà náà kò dúdú padà lọ́jọ́ tí gómìnà tuntun gorí oyè. Nítorí náà, kí àwọn káńsẹ́lọ̀ ṣe é ní òfin kánsù, kí iye owó rẹ̀ wà nínú ètò ìṣúná lọ́dọọdún, kí alága tó bá fẹ́ gé e kúrò wá sọ ọ́ níwájú ìlú.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá tí à ń ṣe ọdún òmìnira náà ni ọjọ́ tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà. Kí ọjọ́ náà tó tún pé, ẹ lọ sí kánsù yín, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣì wà nílé. Ẹ ní kí wọ́n fi ìṣúná ọdún yìí hàn yín, kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan tọ́ka sí, ẹ má dìbò fún wọn mọ́.